Ohun Kan Ṣoṣo Nínú Àwo Òṣùwọ̀n

Bí ẹ bá ń kánjú, ẹ má bi Déédé pé aago mélòó ló lù. Yóò kọ́kọ́ wo aago ọwọ́ rẹ̀, yóò wo ti ara ògiri, lẹ́yìn náà ni yóò tó sọ fún yín pé aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́ta, ṣùgbọ́n kí ẹ mọ̀ pé aago ọwọ́ òun máa ń fi ìdajì ìṣẹ́jú yá. Bó ṣe rí nìyẹn. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ wà nínú ìwé níbì kan, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń fi pè é mọ́. Déédé ni tọmọdé tàgbà ń pè é, òun náà sì ń dáhùn bí ẹni pé orúkọ oyè ni.

Òṣùwọ̀n ló ń tún ṣe. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ, ẹ̀yìn ilé ìtẹ̀wé kan ló wà, ariwo ẹ̀rọ kì í sì í jẹ́ kí ògiri rẹ̀ sinmi. Òṣùwọ̀n alápatà wà níbẹ̀, ti ilé ìfìwéránṣẹ́ wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń wọn ọmọ ọwọ́ nílé ìwòsàn náà wà níbẹ̀. Lẹ́bàá ilẹ̀kùn ni òṣùwọ̀n ńlá kan wà tí wọ́n ń gbé àpò lé, ó fẹ̀ débi tí ènìyàn lè jókòó sórí rẹ̀. Àwọn irin tó fi ń dán wọn wò wà nínú àpótí onígi, ó fi aṣọ rírọ̀ wé wọn, kì í sì í fi ọwọ́ lásán gbé wọn. Ó ní òógùn ọwọ́ ènìyàn ní ìwọ̀n tirẹ̀.

Kò sí ẹ̀tàn òṣùwọ̀n tí kò mọ̀. Ó mọ alápatà tó ń fi àtàǹpàkò sinmi létí àwo, ó mọ èyí tó lẹ nǹkan mọ́ abẹ́ rẹ̀, ó mọ èyí tó ti sún ọwọ́ òṣùwọ̀n síwájú kí oníbàárà tó dé. Á yọ́ rẹ́rìn-ín, á ní, “Òṣùwọ̀n kì í dá purọ́, ènìyàn ló ń rán an níṣẹ́.” Nínú gbogbo ohun tí ọ̀gá rẹ̀ kọ́ ọ, ọ̀kan ló gbé karí ju ìyókù lọ: bí o bá fẹ́ mọ ìwọ̀n nǹkan, òun nìkan ni kí o gbé sínú àwo. Èèyàn kì í kó nǹkan méjì sínú àwo kan, kó wá ní òun mọ ìwọ̀n ọ̀kan nínú wọn. Ẹ̀kọ́ yìí ló bọ́ ọ fún ọgbọ̀n ọdún. Òun náà ló kù díẹ̀ kó gba ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Tíṣà ni wọ́n ń pe ìyàwó náà, nítorí iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn. Àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-ìwé ló ń kọ́, mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n nínú yàrá kan, àwọn tí ń sunkún nítorí pé bàtà wọn ti tú. Ó ti pẹ́ tí ikọ́ fée ti ń bá a fínra. Ìnhélà méjì ló ń gbé sínú báàgì: aláwọ̀ ilẹ̀, tó ń fà sẹ́nu láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ kí ọ̀nà èémí rẹ̀ má baà wú, àti aláwọ̀ búlúù, tó ń fà nígbà tí àyà bá há, tí í sì í tú u sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, búlúù ti di ojoojúmọ́. Bó bá ń kàwé fáwọn ọmọ, á dédé dákẹ́ láàárín gbólóhùn, á kọjú sí pátákó bí ẹni ń wá ẹfun, á fi ẹ̀yìn sí wọn títí èémí á fi padà. Àwọn ọmọ rò pé bí wọ́n ṣe ń kàwé nìyẹn. Làwọn náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́ láàárín gbólóhùn.

Òun àti Déédé jọ lọ rí dókítà. Obìnrin ni dókítà náà, kì í pariwo, kì í sì í yára kọ ìwé.

“Ikọ́ yín ti kúrò ní kékeré, kò sì tíì di ńlá,” dókítà wí. “Àárín ló wà. Ọ̀nà mẹ́ta la lè gbà. A lè fi kún ìwọ̀n aláwọ̀ ilẹ̀ tí ẹ ń fà. A sì lè fi ìnhélà elésèé àlùkò yìí rọ́pò rẹ̀. Irú oògùn tó wà nínú aláwọ̀ ilẹ̀ wà nínú òun náà, òmíràn tó ń ṣí ọ̀nà èémí fún wákàtí méjìlá tún wà níbẹ̀. Tàbí kí ẹ máa fa aláwọ̀ ilẹ̀ yín lọ, kí ẹ wá máa lo oògùn oníhóró kan kún un ní alaalẹ́.”

Déédé tẹ̀ síwájú lórí àga. “Dókítà, èwo ló wúwo jù nínú wọn?”

Tíṣà fi ẹsẹ̀ tọ́ ọ lábẹ́ tábìlì. “Èwo ló dáa jù ló ń bi yín, ẹ má bínú.”

Dókítà rẹ́rìn-ín. “Wọ́n ti fi wọ́n wéra lára ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Fún ọ̀pọ̀ jù lọ, elésèé àlùkò ló ń borí. Oníhóró máa ń ran àwọn kan lọ́wọ́, àmọ́ ó máa ń fi àlá burúkú da àwọn mìíràn láàmú. Ara ò dọ́gba. Elésèé àlùkò ni màá kọ fún yín. Ẹ lò ó fún oṣù mẹ́ta, ká wá wò ó.” Ó tún fún wọn ní ike kan tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí, tó ní nọ́ńbà lára àti àmì pupa kékeré kan tó ń sún síwájú, tó sì ń dúró síbi tí agbára èémí bá gbé e dé.

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ dókítà, ibi tí Déédé gbé lọ sílé ni “ara ò dọ́gba.” Bí ara kò bá dọ́gba, kí ni àǹfààní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí wọ́n ti wọ̀n níbòmíràn? Ṣé ara wọn ni Tíṣà ń fi mí ni? Òun ni kí wọ́n wọ̀n.

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ nípa ọkùnrin yìí, kí ẹ má baà rò pé agídí lásán ni. Ẹ̀rù ló ń bà á. Láti ìgbà tí Tíṣà ti ń dákẹ́ láàárín gbólóhùn nílé náà, tó bá ti gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ nínú yàrá kejì, ọkàn rẹ̀ á fò sókè. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà, tí kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, á wá nǹkan kan wọ̀n.

Ó gba ọ̀dọ̀ apoògùn kan lọ tó jẹ́ oníbàárà rẹ̀, ó ní kó fún òun ní oníhóró àti aláwọ̀ ilẹ̀ tó lágbára jù.

“Ṣé dókítà mọ̀ sí i?” apoògùn bi í.

“Dókítà ló dárúkọ wọn fún mi,” Déédé dáhùn. Irọ́ kọ́, àmọ́ bí ẹlòmíràn bá fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lé òṣùwọ̀n lójú rẹ̀, á ní kó gbé e sọ̀ kalẹ̀.

Ó fa ìlà sára ìwé kan, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì ìjẹun. Ọ̀sẹ̀ méjì fún elésèé àlùkò. Ọ̀sẹ̀ méjì fún oníhóró. Ọ̀sẹ̀ méjì fún aláwọ̀ ilẹ̀ alágbára. Ní aago méje àárọ̀ lójoojúmọ́, Tíṣà yóò fẹ́ ike náà, òun yóò nu awò ojú rẹ̀, yóò sì ka nọ́ńbà.

Tíṣà ka ìwé náà láti òkè délẹ̀ bó ṣe ń ka iṣẹ́ ọmọ ilé-ìwé. “Ọ̀sẹ̀ oníhóró yìí, mi ò rí aláwọ̀ ilẹ̀ níbẹ̀. Ṣebí dókítà ní kí n máa lo méjèèjì pọ̀?”

“Bí o bá lo méjèèjì, tí ara rẹ sì yá, èwo nínú wọn la máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀?” Déédé bi í. “Àwo kan, nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni.”

“Àwo kọ́ ni mí o.”

“Mo mọ̀. Àmọ́ jẹ́ ká ṣe é dáadáa.”

Tíṣà wò ó, ó sì rí i bó ṣe to àwọn oògùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí tábìlì ní ìlà gbọọrọ. Ó ní ó dáa.

Elésèé àlùkò bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ọjọ́ kìíní, ọ̀ọ́dúnrún ó lé mẹ́wàá. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹwàá, ó ti di ọ̀ọ́dúnrún ó lé àádọ́ta, ó tún lé díẹ̀ sí i. Tíṣà ka ìtàn kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin fáwọn ọmọ láì kọjú sí pátákó, ó sì sọ ọ́ fún Déédé nírọ̀lẹ́ bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Bó bá ṣe ẹlòmíràn ni, á fi ọwọ́ mú ibẹ̀. Àmọ́ ìwé wà lára ògiri, ọ̀sẹ̀ méjì sì ti pé. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, Déédé kó gbogbo ìnhélà tó ń dènà wíwú sínú dúrọ́ọ̀, ó fi oníhóró síwájú ìyàwó rẹ̀, búlúù nìkan ló jẹ́ kó wà nínú báàgì.

Ẹnu sì yà á. Nọ́ńbà kò wálẹ̀, àyàfi ní ọjọ́ karùn-ún, nígbà tó sì di ọjọ́ kejì ó ti padà sókè. Ọ̀ọ́dúnrún ó lé ọgọ́ta. Ọ̀ọ́dúnrún ó lé àádọ́ta ó lé méjì. Ọ̀ọ́dúnrún ó lé ọgọ́ta lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, inú Déédé bẹ̀rẹ̀ sí í dùn débi pé ó ń súfèé ní ṣọ́ọ̀bù. Hóró kan ṣoṣo! Kò sí fífà, kò sí mímì, kò sí fífi omi yọ ẹnu lẹ́yìn rẹ̀. “Ṣé o rí i?” ó ń sọ fún Tíṣà. “Dókítà mọ oògùn, àmọ́ mo mọ òṣùwọ̀n.” Tíṣà á rẹ́rìn-ín díẹ̀, á wọ bàtà rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Déédé ṣàkíyèsí pé ojú rẹ̀ wọnú, àti pé ó ń gun àtẹ̀gùn díẹ̀díẹ̀. Kò sí ìlà fún ìyẹn lórí ìwé náà.

Ọjọ́ kẹtàlá oníhóró bọ́ sí Sátidé. Ní aago méje àárọ̀, ọ̀ọ́dúnrún ó lé márùndínlọ́gọ́ta. Ní gbogbo Sátidé, Tíṣà máa ń wá sí ṣọ́ọ̀bù láti bá ọkọ rẹ̀ kọ lẹ́tà sáwọn oníbàárà, nítorí ọwọ́ ìkọ̀wé Déédé kò ṣeé fi han àlejò. Nígbà tó wọlé ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, kò kí ẹnikẹ́ni. Ìfun òṣùwọ̀n kan tí Déédé tú wà káàkiri orí àga, ló bá jókòó sórí òṣùwọ̀n ńlá tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

Déédé gbọ́ bí irin ṣe ró, ó gbójú sókè, ó sì rí i pé ọwọ́ òṣùwọ̀n náà ń gbọ̀n. Ó lọ sókè, ó wá sílẹ̀, ó lọ sókè. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé sípíríǹgì ti rẹ̀. “Tíṣà, jókòó jẹ́ẹ́, o ń mi òṣùwọ̀n,” ó wí. Ọwọ́ òṣùwọ̀n kò dúró. Ó tún wò ó dáadáa, ó wá rí i pé èémí ìyàwó òun ló ń gbé e lọ gbé e bọ̀. Ìgbà yẹn ló tó wo ojú rẹ̀. Títí di òní, kò tíì dárí ìyẹn ji ara rẹ̀, pé irin ló kọ́kọ́ wò.

Èjìká Tíṣà ń gòkè dé etí. Kòtò ọrùn rẹ̀ ń wọnú ní gbogbo ìgbà tó bá fa èémí. “Bú...” ó wí, kò lè parí rẹ̀. Déédé tú báàgì náà dà sílẹ̀, ó rí búlúù, ó fi sí i lẹ́nu. Ó fà á lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹrin, lẹ́ẹ̀mẹfà. Ètè rẹ̀ ń ṣú. Déédé pariwo pe onílé-ìtẹ̀wé, ọkùnrin náà sáré yọ mọ́tò rẹ̀, wọ́n gbé e sẹ́yìn, tàdáwà ilé ìtẹ̀wé tó wà lọ́wọ́ ọkùnrin náà ran ọwọ́ Déédé, ó lẹ̀ mọ́ ọwọ́ àti aṣọ Tíṣà. Nínú mọ́tò, Déédé ń sọ pé, “Ó fẹ́ ẹ láàárọ̀ yìí. Ó fẹ́ ẹ dáadáa láàárọ̀ yìí.” 

Nílé ìwòsàn wọ́n fi ìbòmú kan bò ó, ẹ̀rọ kan ń sọ oògùn di ìkùukùu sínú rẹ̀, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n tún fi afẹ́fẹ́ sí i. Déédé dúró mọ́ ògiri. Ó tó wákàtí méjì kí ohùn fée-fée tó wà láyà rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Ìgbà yẹn ni dókítà wọn wọlé, ó sì ní kí Tíṣà fẹ́ ike kan. Ọgọ́sàn-án.

“Kò ṣeé ṣe,” Déédé wí. Ó fa ìwé yọ nínú àpò àyà, nítorí ó máa ń ṣe àdàkọ ohun tó wà lára ògiri. “Ẹ wò ó, Dókítà. Ọ̀ọ́dúnrún ó lé márùndínlọ́gọ́ta, láàárọ̀ òní.”

Dókítà ka ìwé náà títí. “Bàbá, ní ọ̀sẹ̀ oníhóró yìí, aláwọ̀ ilẹ̀ dà?”

“A gbé e kúrò.”

“Elésèé àlùkò ńkọ́?”

“Òun náà. Kí á lè mọ ti oníhóró nìkan.”

Dókítà kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. “Oògùn tó ń dènà wíwú kì í ṣe ohun tí wọ́n ń gbé kúrò láti wo tòmíràn,” ó wí. “Òun ni ìpìlẹ̀. Bí ẹ bá ní ògiri ilé kan ń sán, ẹ kì í hú ìpìlẹ̀ kí ẹ tó wo bí òrùlé ṣe lágbára tó. Bí ẹ sì ṣe rí i tó ń dáa lọ ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, elésèé àlùkò tó ti lò tẹ́lẹ̀ ló ṣì ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. Oníhóró ló gba ìyìn iṣẹ́ tí kò ṣe. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wọn oògùn lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, fún oṣù púpọ̀. Ẹnì kan, ọ̀sẹ̀ méjì, ìyẹn kì í ṣe ìwọ̀n.” Ó tún wo ìwé náà, ó fajú ro. “Ọ̀sẹ̀ kejì yìí ni mi ò gbà gbọ́. Ẹni tó ń fẹ́ irú nọ́ńbà yìí kì í wọlé wá báyìí. Ṣé ike náà ti bàjẹ́ ni?”

“Mo dán an wò fúnra mi,” Déédé wí. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún.

Tíṣà gbé ìbòmú kúrò lẹ́nu díẹ̀. Ó na ìka kan sókè, ó fi èékánná rẹ̀ ti afẹ́fẹ́ síwájú, bí ẹni ń ti nǹkan kékeré kan. “Èmi ni,” ó wí.

Kò yé wọn. Ó tún mí, ó tún gbé ìbòmú kúrò, ó kọjú sí Déédé. “Kí ẹ tó ka nọ́ńbà, ẹ máa ń nu awò ojú yín. Bí ẹ bá ti ń nù ún, mo ń ti àmì pupa yẹn síwájú.”

Ọkùnrin tó ti fi ọgbọ̀n ọdún mú àtàǹpàkò alápatà, èékánná ìyàwó rẹ̀ ló tàn án jẹ lórí tábìlì ìjẹun ara rẹ̀, lójú mọ́mọ́. Mo mọ̀ pé ó pa yín lẹ́rìn-ín. Kò pa á lẹ́rìn-ín. Ó jókòó sílẹ̀ láìwo ibi tí àga wà, nọ́ọ̀sì ló sáré tì í sí i lábẹ́.

Dókítà rọra sọ pé òun yóò padà wá. Elésèé àlùkò ni wọn yóò bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wí, kò sì sẹ́ni tí yóò gbé e kúrò láìbi òun. Ó fa aṣọ ìkélé, ó jáde.

“Mélòó ni?” Déédé bi Tíṣà. “Ní òtítọ́.”

“Igba ó lé ọgọ́ta. Ní ọjọ́ mìíràn, kò tó bẹ́ẹ̀.”

“Tíṣà, èé ṣe?”

Tíṣà kọ́kọ́ mí sínú ìbòmú náà. “Ọjọ́ karùn-ún oníhóró, ó wálẹ̀. Ẹ bi mí bóyá mi ò fẹ́ ẹ dáadáa ni. Ẹ ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí tí mo fi lọ síbi iṣẹ́. Ọjọ́ kejì mo tì í. Inú yín dùn, ẹ bá mi gbé báàgì mi dé ẹnu ọ̀nà.” Ó mí. “Àlá burúkú náà ń dà mí láàmú. Mo ń lá àlá pé mo wà níwájú àwọn ọmọ, mi ò lẹ́nu. Mi ò sọ. Mo ní kí ọ̀sẹ̀ méjì sáà pé.”

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ wọn ò sọ iye ìgbà tó jẹ́ pé ẹlòmíràn ló fọwọ́ dí i lẹ́nu. Déédé mọ̀ pé òun ni. Kò ṣe é pẹ̀lú ìbínú, kò sì ṣe é pẹ̀lú ìkà. Ojú rẹ̀ tó ń dán nígbà tí nọ́ńbà bá gòkè ló fi ṣe é. Ọjọ́ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni wọ́n ti jọ jókòó sídìí tábìlì yẹn ní aago méje, kò sì sí ọjọ́ kan nínú wọn tó bi í pé báwo lára rẹ ṣe rí. Ojú ti í débi pé ó ń gbọ́ gbígbóná etí ara rẹ̀.

“Kì í ṣe nọ́ńbà ni inú mi ń dùn sí,” ó wí.  “Ẹ̀rù ló ń bà mí. Bí o bá ti dákẹ́ ní yàrá kejì, mo máa ń rò pé o ti kú. Mo fẹ́ kí nọ́ńbà yẹn sọ fún mi pé o ò ní í kú.”

Tíṣà wò ó. Omi wà lójú rẹ̀, kò sì ṣeé mọ̀ bóyá ìkùukùu oògùn ló dá a sílẹ̀.

“Ọdún mẹ́rìnlélógún,” ó wí, “ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí. Mo rò pé iṣẹ́ yín lẹ ń ṣe.”

 Déédé fi ọwọ́ lásán mú ọwọ́ rẹ̀, tàdáwà ilé ìtẹ̀wé ṣì wà lára méjèèjì.

“Báwo ló ṣe ń ṣe ọ́?” ó bi í.

Tíṣà kọ́kọ́ wo ọwọ́ kejì Déédé, bóyá gègé ìkọ̀wé wà níbẹ̀ tí yóò fi kọ ọ́ sílẹ̀. Kò sí. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, ọ̀rọ̀ méjì, ìsinmi, ọ̀rọ̀ mẹ́ta, ìsinmi, ó sì gùn gan-an.